Lẹ́ńsì Tí Kì Í Yí Fúnra Rẹ̀

Pélébé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé ara rẹ̀ ló rí pélébé. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní láti ní sùúrù. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń yà á ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan láàárín ilé ìgẹrun àti ilé ìtajà oògùn, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti kan àga kan mọ́lẹ̀ níwájú aṣọ funfun, tó sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbi tí ayàwòrán yóò dúró sí. Ẹni tó bá wọlé á jókòó, Pélébé á dúró lórí ìlà, á ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì fajú ro." Bí ènìyàn ṣe ń ṣe ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì fajú ro, àwọn tó ṣe òfin náà nìkan ló yé.

Nígbà tí fóònù wá sọ gbogbo ayé di ayàwòrán, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọ̀gá rẹ̀ pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun máa ti ṣọ́ọ̀bù náà tí oṣù bá parí. Ẹ̀gbọ́n Pélébé obìnrin, tó ní ilé ìfọṣọ lópòópónà kejì, ti gbọ́ kí àbúrò rẹ̀ tó délé. Obìnrin yẹn fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tirẹ̀ kì í bá ènìyàn jókòó sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ló máa ń gbé fúnni.

"Wá bá mi níbi aṣọ," ló wí. "Ayé lè má ya fọ́tò mọ́, aṣọ kò ní í yé dọ̀tí."

Òótọ́ ni. Pélébé kò kórìíra ọṣẹ, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ló ń wù ú yà láti ọjọ́ tó ti mọ kámẹ́rà mú. Ó ti ra kámẹ́rà tirẹ̀ pàápàá, èyí tó kéré jù lórí àtẹ, pẹ̀lú lẹ́ńsì tó bá a wá nínú páálí. Lẹ́ńsì yẹn ń ríran dáadáa nínú oòrùn. Bó bá wọ inú ilé, ńṣe ló máa ń dà bí arúgbó tó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé.

Tíṣà kan ló ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ náà fún un. Ọmọbìnrin náà wá ya fọ́tò pélébé, nígbà tó sì wo ojú ara rẹ̀ nínú bébà, ó ní, "Èyí ni àkọ́kọ́ tí kò sọ mí di olè." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ǹjẹ́ ẹ máa ń ya ìgbéyàwó? Tèmi ti sún mọ́lé." Pélébé ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò yà á rí. Ká sáà sọ pé ọkàn rẹ̀ ti ń yà á tipẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ó dáa. Lọ ya ti tíṣà yẹn. Tí ẹlòmíràn bá tibẹ̀ pè ọ́ níṣẹ́, n ò ní í sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Tí kò bá sẹ́ni tó pè ọ́, ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé e, ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni kí n ti bá ọ."

Pélébé gbà. Ìgbéyàwó kan ṣoṣo yẹn ló dúró láàárín òun àti aṣọ ìdọ̀tí gbogbo ìlú, owó tó sì ní lọ́wọ́ kò lè ra ju lẹ́ńsì kan lọ. Ẹni tó bá sọ pé àìtó owó máa ń kọ́ni lọ́gbọ́n, kò tíì dúró níwájú gíláàsì ilé ìtajà kámẹ́rà rí. Òmùgọ̀ gan-an ló máa ń sọ ènìyàn dà, nítorí gbogbo ohun tí kò lè rà ló máa ń dára jù.

Ìmọ̀ràn wá pọ̀ ju owó lọ. Ayàwòrán kan wà ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Gígùn, nítorí lẹ́ńsì rẹ̀ tó gùn tó apá. Bó bá gbé e dání wọ ibi ìnáwó, àwọn èèyàn á ti yà fún un kó tó ní ẹ jọ̀ọ́. Ó gba Pélébé nímọ̀ràn tọkàntọkàn.

"Àbúrò mi, oníbàárà kì í wo fọ́tò kó tó sanwó. Lẹ́ńsì ló ń wò. Lọ yá èyí tó gùn lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ."

Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a yá lónìí, ọ̀la la ó dá a padà, owó tí a fi yá a kò sì ní í bá a padà wá. Àwọn kan ní kó ra tuntun olówó pọ́ọ́kú, èyí tó ń rí tòsí tó tún ń rí ọ̀nà jíjìn. Pélébé rí i pé ojú irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ há, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló sì ń wọlé síbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, òkùnkùn ni yóò máa yà.

Nígbà tó rí i pé àròjinlẹ̀ fẹ́ sọ òun di wèrè, ó dá ọgbọ́n kan. Ó mú téépù tí wọ́n fi ń di páálí, ó fi so òrùka lẹ́ńsì àtijọ́ rẹ̀ pinpin kó má lè fà síwá sẹ́yìn mọ́, bí ẹni pé lẹ́ńsì tó ń ríran lọ́nà kan ṣoṣo ni. Ó wá gbé e lọ síbi ọjọ́ ìbí ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Ibi tó ti ń rí gbogbo yàrá ló kọ́kọ́ so ó sí. Ó ní láti sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú bàbá ọlọ́jọ́ìbí fi tóbi ju kéèkì lọ. Ó tú u, ó so ó síbi tó ń rí ọ̀nà jíjìn. Ó sún sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tún sún, ó bá ara rẹ̀ níta, ó sì ń ya àwọn ènìyàn láti ojú fèrèsé títí onílé fi jáde wá béèrè irú olè wo ló ń ya fọ́tò. Nígbà tó so ó sí àárín, ara tù ú. Kò gbá ẹnikẹ́ni nímú, kò sì jáde sí gbàgede. Ó wá mọ ohun tí òun ń wá: lẹ́ńsì ìwọ̀n àárín, tí kì í fà, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa.

Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe ló ti rí i, ní yàrá kan lókè àtẹ̀gùn tí kò ní fèrèsé. Bàbá náà yọ lẹ́ńsì kan jáde látinú àpò aṣọ, kúkúrú, dúdú, ara rẹ̀ ti họ. Kámẹ́rà Pélébé wà nílé, ó ń gba iná, bàbá bá fi lẹ́ńsì náà sẹ́nu ògbólógbòó kámẹ́rà ńlá tirẹ̀, ó gbé e fún un. Pélébé kọjú sí bàbá fúnra rẹ̀, níbi tó dúró sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́ńsì náà yí lẹ́ẹ̀kan wìì, ó mú. Fọ́tò tó jáde, Pélébé gbé e sún mọ́ ojú. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bà sí ìdajì ojú bàbá, irun funfun inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà, òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́ bí òkùnkùn gidi. Ó sanwó. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju owó ọkọ̀ lọ.

Ẹni tó lọ ra bàtà tó fi ẹsẹ̀ sílé, ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ ni bàtà ti máa ń ta á. Nígbà tí Pélébé fi lẹ́ńsì náà sẹ́nu kámẹ́rà tirẹ̀, ó wọlé ṣinṣin, kò sí wàhálà. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà. Lẹ́ńsì kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ nínú ojú kámẹ́rà rí bí èéfín. Kò jẹun, kò bọ́ bàtà, ó padà sọ́dọ̀ bàbá.

Bàbá wò ó, ó mi orí. "Ọmọ mi, ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n béèrè irú kámẹ́rà tó o ní. Lẹ́ńsì yìí kò ní mọ́tò nínú. Kámẹ́rà ló máa ń yí i kó tó lè mú ojú èèyàn, kámẹ́rà kékeré tìrẹ kò sì ní ohun tó máa fi yí i. Kò bàjẹ́ o. Kò lè yí fúnra rẹ̀ ni." Ó na ọwọ́. "Mú un wá, kí n dá owó ẹ padà. Tàbí kó o gba èyí tó lè yí fúnra ẹ̀. Ojú ẹ̀ kò fẹ̀ tó báyìí, ṣùgbọ́n ó máa ṣe é."

Pélébé ní kí bàbá jẹ́ kí òun tún fọ́tò yẹn wò. Bàbá tan kámẹ́rà ńlá rẹ̀. Ó wo ìpéǹpéjú yẹn, ó wo ìmọ́lẹ̀ yẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń ya ojú ènìyàn, kò tíì rí èyí tó wà láàyè tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ, Bàbá."

"Àbí o ò gbọ́ ohun tí mo wí ni? Kì í yí."

"Ọwọ́ tèmi ń yí, Bàbá."

Bóyá agídí ni, bóyá ọgbọ́n ni. Aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń wọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yọrí.

Káfíńtà ni ọkọ Pélébé, aláwàdà tó máa ń fi ọwọ́ gidi mú iṣẹ́ tó sì ń fi ẹ̀rín mú ìyókù. Òun ló di ìyàwó tí wọ́n fi ń dánrawò. Ó da bẹ́ẹ̀dìṣíìtì borí, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ra bí òdòdó, ó ń bọ̀ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó wo ló ń rìn bí ẹni tó ń sá fójò?" ni Pélébé wí.

"Ìyàwó tó ti rẹ̀ ni."

Bó ti ń bọ̀ ni Pélébé ń yí òrùka lẹ́ńsì tẹ̀lé e. Ó yí i kọjá, ó dá a padà, ó tẹ̀ ẹ́. Nínú fọ́tò, ọkọ di èéfín, ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì mú dáadáa. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. Ọkọ wo àwọn fọ́tò náà, ó ní, "Ilẹ̀kùn yìí gbayì. Èmi ni mo kàn án, n ò lè bínú."

Pélébé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún sì di ẹkún. Ó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sunkún dáadáa, kò fi pamọ́. Ó ní òun ti gbówó sínú omi. Ó ní ó kù díẹ̀ kí òun máa to aṣọ aláṣọ. Ọkọ rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lórí, kò ṣàwàdà mọ́.

"Ní ṣọ́ọ̀bù yín," ló wá bi í, "báwo lẹ ṣe ń mú wọn?"

"A kì í mú wọn. Wọ́n máa ń wá jókòó sórí àga ni."

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbé ojú sókè. Gbogbo ọdún tó fi ya fọ́tò pélébé, kò lé ẹnikẹ́ni rí. Àga ló máa ń dúró, àwọn ènìyàn ló máa ń wá bá a. Ó dìde, ó wo orí ìṣó kan tó yọ nínú pákó ilẹ̀, ó yí lẹ́ńsì títí ìṣó náà fi mú kedere, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Padà lọ. Máa bọ̀. Má wò mí."

Ọkọ ń bọ̀. Èéfín ni, èéfín ni, èéfín ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí ìṣó, Pélébé tẹ̀ ẹ́. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyẹ̀fun pákó tó bà lé wọn.

Ọkọ gbà á wò, ó ní, "Ṣé bí mo ṣe darúgbó tó rèé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi?"

Látọjọ́ náà, gbogbo ohun tó ń rìn ni Pélébé ń fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń ya àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ya àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ojú ibi tí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ lé ló máa ń kọ́kọ́ mú, á sì dè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ìka rẹ̀ ti ń mọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí yóò ṣe yí tó fún ẹni tó wà nítòsí àti bí yóò ṣe yí tó fún ẹni tó jìnnà, gẹ́gẹ́ bí ìka aránṣọ ṣe ń mọ aṣọ láìwò ó.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó, obìnrin kan tó fa ara ró tó sì ń fi ìka pàṣẹ, ló ṣètò gbogbo nǹkan. Bí Pélébé ti wọ gbọ̀ngàn, ta ló rí? Ọ̀gá Gígùn, pẹ̀lú lẹ́ńsì rẹ̀ ní èjìká.

"Èmi ni mo pè é kún ọ," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí, ó ń wo lẹ́ńsì kúkúrú tó họ yẹn láti òkè délẹ̀. "Kì í ṣe pé n ò fọkàn tán ọ. N ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ni. Fọ́tò tó bá dára jù ló máa wọ inú álíbọ́ọ̀mù."

Pélébé ní, "Ẹ ṣeun, mà." Inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Bàbá ìyàwó jókòó sí yàrá ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá ìtìlẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀. Àìsàn ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sì ti búra pé òun máa fi ẹsẹ̀ òun mú ọmọ òun wọlé. Ó pe Pélébé, ó ní, "Ìyá fọ́tò, ẹ gbọ́. N ò fẹ́ èyí tí wọ́n á máa wò tí wọ́n á máa ṣàánú mi."

"Mo gbọ́, sà," ni Pélébé wí, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun yóò ṣe ṣe é.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ ní kí wọ́n fa aṣọ fèrèsé, kí wọ́n pa gbogbo iná ńlá. Gílóòbù wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nìkan ló kù. Ó dára lójú, òótọ́ ni. Ọ̀gá Gígùn tan fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan, obìnrin náà yíjú sí i.

"Pa ìyẹn. Ó ń ba iná mi jẹ́."

Pélébé ti wá ibi tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti so kápẹ́ẹ̀tì pọ̀ láàárín ọ̀nà ló yàn, nítorí gílóòbù tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ó kúnlẹ̀, ó yí lẹ́ńsì títí ojú ìránpọ̀ kápẹ́ẹ̀tì náà fi mú, ó dè wọ́n.

Wọ́n wọlé. Ó gbọ́ lẹ́ńsì Ọ̀gá Gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde, tó ń wá ojú tí yóò dì mú nínú òkùnkùn, tí kò rí i. Bàbá àti ọmọ ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ojú ìránpọ̀ ni bàbá dúró. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ọ̀pá ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ ti dìde láti lọ gbà á mú. Ìyàwó bá tẹ̀ sí etí bàbá rẹ̀, ó sọ ohun kan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu bàbá.

Nínú ojú kámẹ́rà, àwọn méjèèjì jẹ́ èéfín. Wọn kò sí níbi tó ti ń dè wọ́n. Pélébé kò ráyè bẹ̀rù. Ọwọ́ rẹ̀ yí òrùka náà díẹ̀ báyìí, èéfín ká kúrò lójú wọn, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín náà sì là kalẹ̀. Bàbá gbé ẹsẹ̀, ó ń rìn lọ, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Kò wo fọ́tò náà. Ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó ya kéèkì, ó ya ijó, ó ya àwọn ẹbí títí iná ńlá fi padà dé, kò sì wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló wá bá a níkẹyìn, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti wo ti Ọ̀gá Gígùn: ti ìwọlé ìyàwó, òjìji ni gbogbo rẹ̀.

"Jẹ́ kí n rí tìrẹ," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ wò ó. Bàbá wà níbẹ̀, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀ bí ọba tó dúró dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ojú ọmọ rẹ̀ kún fún omijé àti ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ gba kámẹ́rà lọ́wọ́ Pélébé, ó gbé e tọ bàbá lọ, Pélébé ń tẹ̀lé e.

Bàbá wò ó pẹ́. "Ṣé ẹ mọ ohun tọ́mọ mi sọ fún mi? Ó ní, 'Bàbá, tẹ́ ẹ bá jókòó síbí, èmi náà á jókòó, kí ọkọ wá bá wa níbí.'" Ó tún rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kò sẹ́ni tó máa wo eléyìí tó máa ṣàánú mi. Wọ́n á jowú mi ni. Ẹ bá mi ṣe é gàdàgbà, ara ògiri pálọ̀ ló ń lọ."

Ọ̀gá Gígùn náà ti dé. Ó ní kí Pélébé jẹ́ kí òun rí lẹ́ńsì ọ̀hún. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó rí i pé ọwọ́ ló ń yí i. Ó ṣí fìlà. "Àbúrò mi, mo kí ọ o. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ tèmi ti gbàgbé iṣẹ́ yẹn." Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti ń yọ fóònù rẹ̀. "Kí ni nọ́ńbà rẹ? Ọmọ mi obìnrin ń ṣègbéyàwó kí ọdún tó parí, ìwọ lo máa yà á. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ń ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. N ò ní í pe ẹlòmíràn kún ọ."

Pélébé ka nọ́ńbà náà fún un. Ó jáde síta, sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n to àga òfo jọ sí. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bó bá jẹ́ pé ó lè fò, ìbá ti fò. Fóònù rẹ̀ ń dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Báwo ni?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í, ariwo ẹ̀rọ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. "Aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì ti dé o, ó pọ̀. Ṣé kí n máa retí rẹ lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ wá ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n mi," ni Pélébé wí. "Mo níṣẹ́."